Ẹ Kú Àṣẹ, Ọ̀gá Onísíkíríìnì Mẹ́ta

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Onísíkíríìnì Mẹ́ta o! Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan níwájú wọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fẹ̀ gbàràmù sára ògiri lẹ́yìn wọn, bọ́tìnnì ìléwọ́ sì rèé lọ́wọ́ ọ̀tún bí ọ̀pá àṣẹ. Ẹni tó ṣì ń lo síkíríìnì kan ṣoṣo láyé tá a wà yìí, kí ló fẹ́ sọ téèyàn máa gbọ́?

Presenter View, ojú tí olùsọ̀rọ̀ nìkan ń rí nínú PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe sílàìdì, ni gbogbo oògùn wọn. Èrò á máa wo sílàìdì, ọ̀gá á máa yọ́ ka àkọsílẹ̀ tiwọn, a óò sì gbà pé orí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àmọ́ Windows ò mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara ògiri ló gbé àṣírí lọ. A rí i gàdàgbà: "Dákẹ́ díẹ̀. Rẹ́rìn-ín músẹ́." Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wo ọwọ́ òsì." Àwa tá a jókòó lọ́wọ́ òsì ti gbójú sókè dè wọ́n. "Ṣe bí ẹni tó ń ronú." Áà! Wọ́n fọwọ́ kan àgbọ̀n, wọ́n ronú. "Pa ẹ̀fẹ̀ ọ̀bọ." Kí wọ́n tó yanu, ẹ̀rín ti gbogbo yàrá sọ. Orí wọn wú! Wọ́n ní àwọn ò tíì rí èrò tó lóye tó báyìí.

Ìgbà tí wọ́n wẹ̀yìn ni wàhálà dé. "Ṣé ẹ̀ ń rí i báyìí?" A ò rí i. "Báyìí ńkọ́?" Lẹ́tà tí wọ́n fi ń tọrọ owó oṣù tuntun la rí.

Ìwọ ọkùnrin yìí, ojú ò tì ọ́ ni? Bọ́tìnnì Windows àti P lo máa tẹ̀ pa pọ̀, kó o mú Extend, kí síkíríìnì kọ̀ọ̀kan lè gbé ohun tirẹ̀. Display Settings wà lókè Presenter View gan-an tí wàá fi pààrọ̀ síkíríìnì. Bó bá le tán, tẹ B kí ògiri ṣókùnkùn, kó o sì fẹnu ara rẹ sọ̀rọ̀!

Lọ́dún 1987 tí PowerPoint kọ́kọ́ jáde fún Macintosh, dúdú àti funfun ni, ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń gbé sórí iná ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ni wọ́n ń fi í ṣe. Bí ọ̀rá bá dorí kodò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i padà. Olùkọ́ tèmi ò tiẹ̀ ní ọ̀rá, ṣọ́ọ̀kì ló ní, kò sì bi wá rí bóyá à ń rí i.

Èmi ló kàn láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àkókò ti tán, kí n fi sílàìdì mi ránṣẹ́. N ò ní sílàìdì.