Ta ni yóò náwó bí ìjọba bá káwọ́ kò?
Ìròyìn kan tí mo kà sọ pé bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, kí ìjọba tètè dín ìnáwó rẹ̀ kù. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tó fi di pé ní ọdún 1933 nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, owó orí tó ń wọlé fún ìjọba já wálẹ̀ ní àkókò náà gan-an tí àwọn tó nílò ìrànwọ́ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rajà mọ́, ọlọ́jà tí kò rí ọjà tà yóò dá òṣìṣẹ́ tirẹ̀ náà dúró, ìyà náà yóò sì máa ràn bí iná ọyẹ́. Inú ilé ló ti ń dunni jù: bàbá tó ṣì ń jí ní ìdájí, tó ń wọ aṣọ iṣẹ́, tó sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò ríbi lọ; ìyá tó ń sọ pé òun ti yó kí oúnjẹ lè kárí àwọn ọmọ. Ọdún 1935 ni Amẹ́ríkà tó ṣòfin owó ìrànwọ́ fún aláìníṣẹ́ àti àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti tú ká kó tó dé.