Àkísà Àgbà, Aṣọ Ọmọdé

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Àwa àgbà la sábà máa ń fi òwe yìí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Èmi náà pa á fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tó ní kò sórin tó tó hip hop. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, àkísà yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń lò ó ni?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n tún òwe náà yẹ̀ wò, nítorí àkísà gan-an, ìyẹn àwo orin àtijọ́, làwọn ọmọ Bronx ní New York fi rán hip hop, aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ lónìí.

Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan, Cindy Campbell, ṣe páàtì nínú ilé tí wọ́n ń gbé, nọ́ńbà 1520, Sedgwick Avenue, kó lè rówó ra aṣọ ilé-ìwé. Sẹ́ńtì 25 lobìnrin ń san, ọkùnrin ń san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Clive, tí wọ́n bí sí Kingston ní Jàmáíkà, ló ń fi àwo sí i. Ọmọ ọdún 18 ni, Kool Herc ni wọ́n ń pè é. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibì kan wà nínú orin táwọn oníjó máa ń dúró dè: ibi tí olórin ti dákẹ́, tí fèrè dákẹ́, tó wá ku ìlù nìkan. Kì í pẹ́ rárá tó fi ń kọjá. Ló bá ń wá àwo kan náà méjì, ó ń gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù ti ọ̀tún bá ti ń lọ sópin, á ti dá abẹ́rẹ́ ti òsì padà síbi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí onígángan bá ti dá dúró lójú agbo rí, tí kò jẹ́ kó lọ jókòó, mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Àwo James Brown, olórin fọ́ńkì Amẹ́ríkà, àti irú wọn ló ń lò, orin táwọn mìíràn ti jó kọjá. Síbẹ̀, Herc a máa rẹ àwo sómi kí ìwé àárín rẹ̀ lè ṣí kúrò, kí díjéè ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa mọ orúkọ orin. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ta ló ń fi àkísà pamọ́ báyẹn bí kò bá níye lórí?

Nígbà tó fi máa di 1988, ẹgbẹ́ olórin rap Public Enemy ti ń to ègé orin olórin lé ara wọn bí aṣọ egúngún, ègé lórí ègé, débi pé ẹni tó ni ín gan-an lè má dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàbọ̀ ṣòkòtò kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò. Ní 1991, wọ́n gbé olórin rap kan, Biz Markie, lọ sí kóòtù ní New York, pé ó lo orin Gilbert O'Sullivan láìgbàṣẹ. "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè" ni adájọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àkísà ti di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò lówó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, irú 808 tí ilé-iṣẹ́ Roland ṣe ní Japan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ọ̀lẹ ló jẹ́ kí orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́lẹ́, n kò gbà pátápátá. Owó àṣẹ wà ńbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ti Clyde Stubblefield. Òun ló lu ìlù inú "Funky Drummer" James Brown, tí àìmọye olórin rap gé lò. Nítorí pé kò sí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó ni orin, owó ìlù yẹn kò kàn án títí tó fi kú ní 2017. Òfin mọ olówó orin, kò mọ onílù.

Tiwa náà ti wọ inú ẹ̀. Ọdún tí Herc fi àwo sí páàtì yẹn náà ni "Gentleman" Fela jáde. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, J. Cole, olórin rap Amẹ́ríkà, gé e lò. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe bíìtì, ẹ wá olóhun kẹ́ ẹ tó gé ohun rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kó àwo yín fún àwọn tó ń ra páńdukú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa àpótí àwo bàbá mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú àwo àpàlà kan, ó fi apá nu eruku rẹ̀, ó ń wo àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá olórin wà níwájú, onílù márùn-ún tò sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹni tó gbé àdàmọ̀ yìí?" Kò sórúkọ níbẹ̀. Mo bá pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n bá wa wò ó.