Alóre Ojú Ọ̀run Ń Já Bọ̀, Ẹ Gbé E Dúró

Ní ọ̀sán ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ní nǹkan bí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 17 ní aago Nàìjíríà, ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù lọ, tí ojú ènìyàn kò lè rí, ya lu ayé láti ọ̀nà jíjìn. Nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún ló ti fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sátẹ́láìtì Fermi rí i, ó sì tàn débi pé àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán lára Fermi kò lè kà á pé mọ́: fótónì, ìyẹn ègé ìmọ́lẹ̀, ń wọlé lórí fótónì, bí èrò tó ń rọ́ lu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 53 kọjá kí sátẹ́láìtì kejì, Swift, alóre tí a ní ó ń já bọ̀ yìí, tó kọjú síbẹ̀, torí ibòmíràn ló ń wò nígbà tí nǹkan náà bú. Ohun tí Swift bá ṣì ń tàn gan-an, wọ́n sì kọ́kọ́ rò pé ìràwọ̀ kan nínú agbo ìràwọ̀ tiwa níhìn-ín ló ń dà rú. Ìgbà tí wọ́n gbé ìròyìn sátẹ́láìtì méjèèjì síra ni wọ́n tó mọ̀ pé ìbúgbàù ìtànṣán gámà ni. GRB 221009A ni wọ́n sọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka irú rẹ̀, wọn ò tíì rí èyí tó tàn tó o.

Irú nǹkan báyìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ ńlá lè wó sínú ara rẹ̀ kó di ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ gan-an kò lè bọ́ nínú rẹ̀, òkú ìràwọ̀ méjì tó ti ki bí nǹkan míì sì lè forí sọ ara wọn. Ìtànṣán tó tú jáde lè má pé ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àṣẹ́kù, tí yóò máa kú lọ bí ẹyin iná tí wọ́n fà kúrò nínú ààrò. Inú àṣẹ́kù yìí ni àwọn awò awọ̀nàjíjìn orí ilẹ̀ ti ń mọ bí ó ṣe jìn tó, irú ìràwọ̀ tó kú, àti gáàsì tí ìmọ́lẹ̀ náà là kọjá lójú ọ̀nà. Àmọ́ ìtànṣán gámà fúnra rẹ̀ kì í la afẹ́fẹ́ ayé já. Ẹni tó bá wà lókè afẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo.

Swift ni alóre tó mọ ariwo náà pa jù. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé e lọ sókè. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run, BAT, kò ní dígí, nítorí kò sí dígí tó lè tẹ ìtànṣán gámà. Òrùlé ló ní, tí wọ́n to nǹkan bí 52,000 ègé òjé sí, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà márùn-ún, tí àlàfo àárín wọn kò sì lọ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gbé ajere sókè sí oòrùn, kí ẹ wo ilẹ̀: bí oòrùn bá ṣe ń yẹ̀ ni àwọn ojú ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò ajere kọjá ń yẹ̀. Nísàlẹ̀ òrùlé òjé yìí, ẹ̀rọ kéékèèké 32,768 ń wo bí òjìji ṣe bọ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ibi tí ìtànṣán náà ti wá. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, àdírẹ́sì ti délẹ̀ ayé, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún ìbú òṣùpá. Sátẹ́láìtì náà á wá yí gbogbo ara rẹ̀ síbẹ̀ láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 75, kó lè fi awò ẹ́síréè àti awò kejì tó ń rí irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí tún àdírẹ́sì náà ṣe.

Ojú Fermi fẹ̀ ju ti Swift lọ. Nǹkan bí 240 ìbúgbàù ló ń rí lọ́dún, nígbà tí Swift ń rí bí 90. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì Fermi sábà máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé Ìbàdàn ni ilé ẹni tí ẹ ń wá wà. Ti Swift a máa dárúkọ àdúgbò àti òjúlé.

Ìkànnì ìkéde tí wọ́n ń pè ní GCN ni ìròyìn náà ń gbà jáde. Ọ̀fẹ́ ni, bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀, yóò máa rí i bí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì ṣe ń rí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2019, Swift àti Fermi pariwo, àwọn awò MAGIC méjèèjì ní erékùṣù La Palma, tí dígí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 17, sì ti kọjú síbẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Wọ́n rí ìtànṣán tí agbára rẹ̀ dé teraelectronvolt (ọ̀kẹ́ àìmọye ìlọ́po agbára ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí), èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kéde rí láti inú irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n pẹ́ dé ní wákàtí kan péré, èyí tó tàn jù ti lọ.

Ìkéde nìkan kò tó ṣá, a ò ní í tan ara wa. Alẹ́ ọjọ́ tí GRB 221009A bú, òṣùpá àrànmọ́jú ló yọ. Awò márùn-ún tó ń jẹ́ H.E.S.S. wà ní òkè Khomas ní Nàmíbíà. Ìmọ́lẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá, èyí tó máa ń tàn nínú afẹ́fẹ́ fún ìdá mélòó kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí ìtànṣán gámà tó lágbára bá fọ́ lórí afẹ́fẹ́. Kámẹ́rà tó lè rí èyí kò lè kọjú òṣùpá tó mọ́lẹ̀ tó báyẹn. Ojú rẹ̀ á bàjẹ́. Wákàtí 53 kọjá kí wọ́n tó lè ṣí i, wọn ò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ní Ṣáínà, LHAASO, tó wà lórí òkè tó ga ní mítà 4,410, ń fi adágún omi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ka irú ìtànṣán kan náà. Kò kàn án bóyá òṣùpá yọ tàbí ọ̀sán ni. Orí rẹ̀ gan-an ni ìbúgbàù náà bọ́ sí, ó sì ka fótónì tó lé ní 64,000 láàárín 3,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Oríire ni ìyẹn. Iṣẹ́ tí kì í ṣe oríire ni ti awò VLT ní Ṣílè, tó tẹ̀ lé àdírẹ́sì Swift, tó pín ìmọ́lẹ̀ àṣẹ́kù sí àwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀, tó sì sọ bí ó ṣe jìn tó fún gbogbo ayé.

Swift yìí kan náà ló ń já bọ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì tó lè fi gbé ara rẹ̀ ga. Ibi tó ga ní nǹkan bíi kìlómítà 600 ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tó fi di 2025, ó ti sọ̀ sí nǹkan bí 400. Bí oòrùn bá gbóná janjan, bó ṣe ń ṣe ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá, afẹ́fẹ́ òkè réré máa ń wú, á sì máa fa sátẹ́láìtì lẹ́sẹ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn nínú àbàtà. Ara rẹ̀ kúkú ti ń gbó: ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀kan nínú jáíró mẹ́ta tó fi ń mọ ibi tó kọjú sí dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí i pé kó máa fi méjì tó kù ṣiṣẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, NASA gbé iṣẹ́ 30 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Katalyst ní ìpínlẹ̀ Arizona, pé kó rán ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì lọ di Swift mú, kó tì í padà sókè. Tiwa ni pé owó náà tọ́, a ò sì ní yí i padà bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ kọsẹ̀. Ó sì lè kọsẹ̀, torí ẹni tó kọ́ Swift kò fi ọwọ́ ìdìmú kankan sí i lára. Kò rò pé ẹnikẹ́ni máa wá gbá a mú lókè níjọ́ kan.

Àwọn kan ní sátẹ́láìtì tó ti lé lógún ọdún ni, kí wọ́n jẹ́ kó lọ, pé Einstein Probe àti SVOM, sátẹ́láìtì méjì tí Ṣáínà gbé lọ pẹ̀lú àwọn alájọṣe rẹ̀, ti gòkè ní 2024. Òótọ́ ni wọ́n gòkè, iṣẹ́ wọn sì dára. SVOM tilẹ̀ máa ń kẹ̀yìn sí oòrùn kí ohun tó bá rí lè bọ́ sí apá ibi tí ilẹ̀ ti ṣú, kí àwọn awò orí ilẹ̀ lè wò ó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣe gbogbo ohun tí Swift ń ṣe. Láti 2011 sì ni òfin Amẹ́ríkà kò ti jẹ́ kí NASA fi owó rẹ̀ bá Ṣáínà ṣe àjọṣe tààrà láìgba àṣẹ pàtàkì. Ẹni tó bá ní ká fi gbogbo ìṣọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan, kó ro ọjọ́ tí ìjà àwọn alágbára máa pa ìkànnì ìkéde dé.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti gbé sátẹ́láìtì tí kò ní ẹ́ńjìnnì lọ sókè ni wọ́n ti mọ̀ pé yóò máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ ìgbà tí oòrùn máa gbóná. A kò bú ẹni tó ń sáré lónìí. Ẹni tó jókòó lánàá la ń bá wí.

Yúróòpù àtàwọn alájọṣe wọn ń kọ́ CTAO, àkójọ awò tí yóò máa wá ìtànṣán gámà, sí La Palma àti Ṣílè. Nínú àwọn awò rẹ̀, èyí tó tóbi jù fẹ̀ ní mítà 23, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 100, wọ́n sì kọ́ ọ lọ́nà tí yóò fi lè yíjú sí ibikíbi lójú ọ̀run láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìbúgbàù báyìí ni wọ́n ṣe ń lépa eré yẹn. Ta ni yóò wá pè é? Ìjọba tó bá ná owó sórí irú awò bẹ́ẹ̀, tàbí sórí àwọn tó wà ní Nàmíbíà àti Gúúsù Áfíríkà, gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná kan náà fún sátẹ́láìtì tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Swift, kó má sì fi gbogbo rẹ̀ lé NASA lọ́rùn.

Kí NASA, ESA tí í ṣe àjọ òfuurufú Yúróòpù, àti Ṣáínà jókòó báyìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni alóre tó kàn, ìkànnì wo ni gbogbo ayé á ti máa gba ìkéde rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni kò sì gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìgbà tó bá rí nǹkan sí ìgbà tí àdírẹ́sì á délẹ̀. Swift ti fi ogún ìṣẹ́jú-àáyá lélẹ̀ láti 2004. A ò ní gba ọgbọ̀n.