Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì dìde

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí òbí yín wà lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba lásìkò Kérésìmesì, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. "Mọ́mì, ẹ jókòó. Ẹ má da ara yín láàmú." Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́, ìfẹ́ la sì fi ń sọ ọ́. Ọmọ tó bá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọ abọ́ lójú àlejò lọ́jọ́ ọdún, ojú ọmọ tí a kò kọ́ là ń fi wò ó. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn ń ṣe àwọn òbí wa níbi.

Ẹ wo ìyá ẹni ọdún 72 tó jẹ́ pé ní Ìbàdàn, kí oòrùn tó ta, ó ti gbálẹ̀ àgbàlá, ó ti rìn lọ sọ́jà, ó ti yà kí ará àdúgbò kó tó padà sílé. Ó wá dé Leeds, ó di pé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga sídìí oúnjẹ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní í tíì lù dáadáa tí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ wà nídìí fóònù. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, orúnkún á gan, wọ́n á wá máa di ògiri mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A ó ní ọjọ́ orí ló dé. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ o. Ẹran ẹsẹ̀ tí a kò lò máa ń yára joro lára àgbàlagbà, bó bá sì ti joro, ìṣubú kò jìnnà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 sókè máa lo ara fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró gbọin. Kò di dandan kó jẹ́ eré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì ro àmàlà wọn, kí wọ́n ká aṣọ, kí àwọn ọmọ mú wọn rìn lọ rìn bọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà.

Òtútù inú ilé tún wà ńbẹ̀. Mo mọ iye tí a ń san fún gáàsì àti iná, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pa hítà kí a tó jáde lọ síbi iṣẹ́, a sì gbàgbé pé ẹnì kan ṣì kù nílé. Ẹni náà kò ní í sọ̀rọ̀. Àwọn òbí wa kì í fẹ́ ni ọmọ lára. Wọ́n á ró ìró lé súẹ́tà, wọ́n á dákẹ́. Ara àgbà kì í sì í tètè mọ̀ pé òtútù ti wọlé. Bí òtútù bá mú èèyàn, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá á fún pọ̀, ìfúnpá á lọ sókè, ìdí nìyẹn tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ń pọ̀ sí i nígbà òtútù. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí yàrá tí irú wọn ń lò má tutù ju ìwọ̀n 18 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń tan hítà han Mọ́mì, kí ẹ sì fi dá wọn lójú pé owó rẹ̀ kò ní í di wàhálà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ẹ kà á kí ọdún tó wọlé, torí ọ́fíìsì GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, máa ń tì ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Disẹ́mbà àti ọjọ́ kìíní ọdún. Ẹ̀rù owó ilé ìwòsàn ń ba ọ̀pọ̀ wa tí òbí wa wá ṣàbẹ̀wò, àmọ́ ní England, ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP láìsan kọ́bọ̀. Ẹ má kàn máa fún wọn ní oògùn imú dídí tí ẹ rà fún ara yín. Àwọn kan ní pseudoephedrine nínú, ó sì lè gbé ìfúnpá sókè. Ẹ kọ́kọ́ bi apoògùn.

Fítámìn D náà o: 10 máíkírógíráàmù lójúmọ́ ni NHS sọ. Láti nǹkan bí oṣù Òkítóbà títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Máàṣì, oòrùn ibí kò tó láti jẹ́ kí ara ṣe é.

Àwọn kan á ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn àgbà má lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ilẹ̀ ń yọ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tó ti wà nínú ilé láti oṣù tó kọjá, tí kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíì, ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ orin, ó ń fẹ́ ijó, ó ń fẹ́ ojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé bàtà ijó dání sínú báàgì. Kí ẹni tó ń wakọ̀ gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Ẹ̀yin alábòójútó ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da iyọ̀ tí ń yọ́ yìnyín sí àtẹ̀gùn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún da òmíràn kí a tó túká.