Fàtáì Ẹlẹ́sẹ̀ Wúrà

(Bùkà Ìyá Ràfíà, alẹ́ Sátidé. Fàtáì ń jẹ àmàlà, TV ń ṣiṣẹ́ lókè orí ẹ̀.)

ÌYÁ RÀFÍÀ: Fàtáì, ta ni òyìnbó tó ń yan bí àkùkọ yìí?

FÀTÁÌ: Ha! Roy Munson nìyẹn, nínú Kingpin, fíìmù 1996, NEPA mú iná lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó o, ṣùgbọ́n èmi gan-an lẹ ń wò yẹn. 1979 ló gba ife bowling ti ìpínlẹ̀ Iowa l'Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù yí lu igi mẹ́wàá yẹn tó o, bí èmi náà bá gbá free kick, kíípà á kàn dúró máa wò mí bí ẹni tó ń ya fọ́tò ni.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Kíípà tó mú tìẹ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?

FÀTÁÌ: Atẹ́gùn ni. Ẹ fi ṣàkì kan kún un.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Owó ṣàkì ìjẹta dà? Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn yìí ńkọ́?

FÀTÁÌ: McCracken, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe bí ẹni tí ò mọ bọ́ọ̀lù yí, káwọn kan lè da owó sílẹ̀, kí wọ́n wá jẹ ẹ́. Ọpọlọ nìyẹn! Kúnlé ti ṣètò irú ẹ̀ fún mi lálẹ́ yìí.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Jìbìtì lèmi ń pè é. Wò ó, àṣírí ti tú! McCracken dà?

FÀTÁÌ: (òkèlè dúró lẹ́nu) Ó… ó ti wa mọ́tò lọ.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Kí ni wọ́n ń ti ọwọ́ Roy bọnú ẹ̀rọ tó ń dá bọ́ọ̀lù padà un fún? Yéè! Ọwọ́ tó fi ń yí i!

FÀTÁÌ: Ẹ rọra pariwo.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Ó ti lọ nìyẹn! Ọwọ́ rọ́bà ni wọ́n fi sí i o. Ẹ wo ṣáńpíọ̀nù tó wá ń kiri ọjà, tó jẹ owó ilé, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n wá fi ń pe ẹni tó bá wọ gàù! Fàtáì, kí lo ń fẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì fún?

FÀTÁÌ: Òtútù ni. Á gbẹ̀san, ẹ máa wò ó.

(Ìyá Ràfíà fọ abọ́ tán. Fàtáì ò tíì gbé òkèlè yẹn mì.)

ÌYÁ RÀFÍÀ: Mílíọ̀nù kan dọ́là tí wọ́n torí ẹ̀ lọ díje ní ìlú Reno ńkọ́, Roy ló jẹ ẹ́?

FÀTÁÌ: McCracken ni.

(Fóònù dún. Fàtáì tì í sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíà.)

FÀTÁÌ: Kúnlé ni. Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

ÌYÁ RÀFÍÀ: Èwo nínú ẹ̀?

FÀTÁÌ: Méjèèjì.

ÌYÁ RÀFÍÀ: (sí fóònù) Hẹ́lò, Kúnlé? Ọ̀rẹ́ ẹ ò lè rìn mọ́. Wá bá a san owó ṣàkì.