Kí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ará ìlú kúrò lórí Windows 10

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2015, tí ó sì ti gbilẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí ó kú lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó tan tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bá a bí ó ṣe fi í sílẹ̀: Word ṣí, Excel ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń tẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì gbà pé ariwo lásán ni nìyẹn. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà fún ọ̀ràn ara rẹ̀ nìkan lè fara balẹ̀ ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn bá wà, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa lo ètò tí kò sí ẹni tí ó ń tún un ṣe mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó dópin gan-an. Kò sí sọ́fítíwíà tí kò ní àléébù, ìdí nìyẹn tí Microsoft fi máa ń kó àtúnṣe jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan láti dí àwọn ihò tí wọ́n bá rí. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ Windows 11, èyí tí ó rọ́pò Windows 10, ni ó ti wà nínú Windows 10 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá dí ihò kan lára èyí tuntun, àwọn ọ̀daràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ àtúnṣe náà wò finnífinní yóò mọ ibi tí ihò náà wà, wọn yóò sì lọ wò ó bóyá ó ṣì ṣí sílẹ̀ lára ti àtijọ́. Ó dà bí ìgbà tí káfíńtà ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, tí ó fo ilé tìrẹ, tí olè sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nítorí náà, ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oṣooṣù ni ó ń pọ̀ sí i, kò sì sí àmì kankan lójú ẹ̀rọ tí yóò fi hàn ọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, ó ti fáìlì inú wọn pa, ó sì ń béèrè bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye rẹ̀ tó 300 dọ́là kí ó tó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú NHS, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, rí màbo. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn rẹ̀ ní England ni ọ̀ràn náà dà láàmú. Wọ́n fojú bù ú pé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí wọ́n fagi lé jú 19,000 lọ, ilé ìwòsàn márùn-ún sì ní láti ní kí àwọn ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn pàjáwìrì gba ibòmíràn lọ. Èyí tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé àtúnṣe tí ì bá dá a dúró ti jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Windows XP, tí Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, ni gbogbo ayé kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Windows 7 ni ó wà lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó kó o. Wọ́n ṣì ń ṣe àtúnṣe fún Windows 7 nígbà náà. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí àtúnṣe wọlé. Ọ́fíìsì tí ó bá ra Windows 11 lónìí, tí ó sì pa àtúnṣe rẹ̀ lọ́la, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ẹ yà sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí tí ó wà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀mù bá wà níta. Oníbàárà yóò na fláàṣì rẹ̀ síwájú, ọmọ iṣẹ́ yóò tì í bọ ẹ̀rọ, gbogbo fódà inú rẹ̀ yóò sì ti di shortcut tí kò ṣeé ṣí. Ọmọ iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ mikàn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń tú irú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí ó wà lórí fláàṣì náà ti wọ kọ̀ǹpútà kí ó tó tú u, yóò sì bọ́ sórí fláàṣì ẹni tí ó kàn. Nínú fódà Downloads ẹ̀rọ kan náà ni ìwé NIN, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èsì WAEC àti àkọsílẹ̀ owó báńkì àwọn tí ó ti wá tẹ ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ wà, kò sí ẹni tí ó pa wọ́n rẹ́. Àwọn mìíràn ṣí ímeèlì wọn níbẹ̀, wọn kò sì jáde kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé wọn lọ. Bí ọlọ́ṣà kan bá ti òkèèrè wọ ẹ̀rọ yìí, kò ní láti wá ohunkóhun lọ síbòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kò sàn ju èyí lọ. Windows tí ó wà lórí ẹ̀rọ wọn, wọn kò rà á. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà ni ó gbé e wá lórí fláàṣì, tí ó fi kráàkì, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lò ó láìsanwó, ṣí i, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn náà ni pé ó pa àtúnṣe, kí kráàkì má baà bàjẹ́, kí dátà má sì tán. Ọ̀rọ̀ dátà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC tí ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ohun tí ó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi fóònù ara wọn fa íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ṣùgbọ́n òfin kò ka ìyẹn sí àwíjàre. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn dáàbò bò ó bí ó ti yẹ, owó ìtanràn fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin náà kà sí pàtàkì jù sì lè tó 10 mílíọ̀nù náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Ilé ìwòsàn tí àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ní kòkòrò HIV wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àtúnṣe, kí ni yóò sọ níwájú NDPC, àjọ tí ń mú òfin náà ṣẹ, pé òun fi dáàbò bò ó?

Àwọn kan yóò ní kí gbogbo ènìyàn lọ ra tuntun. Ẹnu dùn ń ròfọ́. Microsoft ṣì ń ta àtúnṣe ààbò Windows 10 fún àwọn ọ́fíìsì, 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kan ní ọdún kìíní, 122 ní ọdún kejì, 244 ní ọdún kẹta, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, 61 dọ́là lé ní 85,000 náírà, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá san án fún ọdún mẹ́ta kàn sun ìṣòro síwájú ni, kò ní ẹ̀rọ tuntun kankan láti fi hàn. Ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ o: 1 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún kìíní, bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ti bá Microsoft ṣe àdéhùn rírà tí ó tọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá gbọ́ èyí rí yẹ kí ó béèrè.

Ti ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ tirẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtúnṣe ààbò wà fún un títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ó lè san 30 dọ́là, ó lè fi ojúàmì 1,000 Microsoft Rewards (ẹ̀bùn tí Microsoft ń fún àwọn tí ń lo ohun èlò rẹ̀) gbà á, ó sì lè gbà á láìsan kọ́bọ̀ bí ó bá jẹ́ kí Windows tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sórí àkáǹtì Microsoft. Ìyá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń fi láptọ́ọ̀pù ka ìròyìn, tí ó sì fi ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Peckham tàbí Houston, kò ní ìdí láti bọ́ sí ọjà lónìí. A kàn kíyè sí i pé wọn kò béèrè pé kí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ gbé ètò ẹ̀rọ wọn sórí àkáǹtì kí wọ́n tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ń jà fún àwọn oníbàárà níbẹ̀ kò gbà. Àjọ FCCPC tiwa, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà, tí ó bu 220 mílíọ̀nù dọ́là owó ìtanràn lé Meta, tí ó ni Facebook, lórí ní ọdún 2024, ní ẹnu tí ó fi lè bá Microsoft sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àtúnṣe náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe kan tí CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, gbé jáde da nǹkan bí 8.5 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà Windows bolẹ̀, tí bàlúù kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù àtúnṣe kò ya òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ọ́fíìsì fi ẹ̀rọ kan tàbí méjì dán an wò fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó fi sórí ìyókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù ni ọjà tòkunbọ̀. Windows 11 kì í gba ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) tí Intel ṣe sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ, àfi díẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Canalys fojú bù ú pé òfin yìí lè sọ kọ̀ǹpútà 240 mílíọ̀nù di ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí òkè òkun kì í pẹ́ kó tó di ọjà tiwa: láptọ́ọ̀pù EliteBook, Latitude àti ThinkPad tí àwọn ọ́fíìsì òyìnbó bá kó dànù ni yóò kún orí tábìlì ní ojú ọ̀nà Ọ̀tígbà ní Ikẹjà, tí wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́, tí wọ́n á sì ti fi ọgbọ́nkọ́gbọ́n gbé Windows 11 sórí rẹ̀ kí olùrà lè rí i pé tuntun ló wà níbẹ̀. Microsoft ti kéde pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbé e sí kò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Kí olùrà bèèrè nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ kí ó tó sanwó: bí ó bá jẹ́ i5-7300U, ìran keje ni, bí ó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Àjọ NESREA, tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò ní èbúté, ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lọ́dún yìí.

Ẹ̀rọ tí Windows 11 kò gbà kò tíì di ohun tí à ń sọ nù. Linux Mint àti Ubuntu wà, oríṣi Linux méjì, ètò tí a lè fi rọ́pò Windows; ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń rí àtúnṣe gbà déédéé. Mint ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, LibreOffice sì ń ṣí ìwé Word àti Excel. (Àtẹ bọ́tìnnì tí a fi ń kọ Yorùbá ti wà nínú Linux látilẹ̀wá, ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ní iléeṣẹ́ tí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.) Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde ní ọdún 2024 pé òun yóò kó 30,000 kọ̀ǹpútà ìjọba lọ sórí Linux. Ìlú Munich ní orílẹ̀-èdè kan náà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ó sì dìbò láti padà sí Windows ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ráhùn títí tí òṣèlú sì ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí yóò bá gbé Linux fún akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ná owó lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣáájú.

Ibi kan wà tí a ò ní jiyàn pẹ̀lú Windows àtijọ́. Àwọn ayàwòrán ìwé ní Ṣómólú tí ń lo CorelDRAW, àti àwọn ẹ̀rọ ìyàwòrán ara ní ilé ìwòsàn tí ẹni tí ó ṣe wọ́n so mọ́ Windows kan pàtó, kò lè sọdá sórí Linux lọ́sàn-án kan òru kan. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì máa yẹ fláàṣì wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ó tó kàn án.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí wọ́n lo DAWN Commission, àjọ ìdàgbàsókè tí wọ́n ti jọ gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn, láti ka kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n jọ ra ohun tí wọ́n bá máa rà, kí wọ́n sì jọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa tọ́jú Linux fún wọn. Nígbà tí kọmíṣánnà ètò ìlera tàbí ti ẹ̀kọ́ bá wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti gbèjà ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, kí aṣòfin kan bi í pé: ẹ̀rọ mélòó lábẹ́ yín ni ó ṣì wà lórí Windows 10, mélòó nínú wọn ni ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni ó sì ń bá yín ṣe àtúnṣe wọn lóṣooṣù?