Èsì wa sí Alàájì tó ra káyáàkì aláfẹ́fẹ́ ẹlẹ́ni méjì

Alàájì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ewu ojú omi. Mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa nínú márùn-ún. Fún ẹni tí kò bá tíì ka tiyín: ẹ ra káyáàkì aláfẹ́fẹ́ ẹlẹ́ni méjì, ọkọ̀ ojú omi kékeré onírọ́bà tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún tí a sì ń fi àjẹ̀ wà, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Táíwò, níbí ní Ìlọrin. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín gbé e lọ sórí omi dáàmù Ọ̀yún ní Ọ̀ffà. Ó ń yí bí òkòtó, kò pé wákàtí kan tó fi rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ wú láàárín, omi sì ń wọlé. Ẹ ní "ike dúdú kékeré kan" wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ẹ tún ní tipátipá la fi ta jákẹ́ẹ̀tì ojú omi méjì fún yín.

Ike dúdú yẹn ni mo fẹ́ mú ṣáájú, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi tèmi wà. Lẹbẹ ọkọ̀ nìyẹn. Abẹ́ ọkọ̀, lápá ẹ̀yìn, la máa ń kì í bọ̀ kí ọkọ̀ tó kan omi. Káyáàkì onírọ́bà fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, kò ní ohun tó máa fi di omi mú. Ẹ fi àjẹ̀ fa omi lápá ọ̀tún, imú rẹ̀ á yà sósì. Ẹ fà á lósì, á yà sọ́tùn-ún. Lẹbẹ ló ń mú un tọ́. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ wá ló yẹ kó fi hàn yín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì gbà á síṣẹ́, èmi ni kí ẹ bá wí. Ẹ má bínú. Ní báyìí, a kì í di páálí kankan mọ́ láì jẹ́ kí ẹni tó rà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki lẹbẹ náà bọ̀ lójú wa.

Ṣùgbọ́n Alàájì, lẹbẹ nìkan kọ́ ló yí i. Nígbà tí mo pè yín, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kò sí nínú èyí tí ẹ kọ, ẹ sì ní kò burú bí mo bá sọ ọ́ níbí kí ẹlòmíì lè gbọ́n. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín lẹ fi síwájú. Mo mọ ibi tó ti wá: nínú mọ́tò èrò, iwájú la máa ń fi àgbà sí. Káyáàkì ò mọ àgbà. Ẹni tó bá wúwo jù ló ń jókòó sẹ́yìn, òun ló sì ń darí. Ẹni tó wà níwájú ló ń pinnu bí àjẹ̀ yóò ṣe máa lọ sókè sódò, ti ẹ̀yìn á máa wò ó, á máa bá a lọ, bí ẹni tó ń bá ìyá ìlù lọ. Bí ẹni wíwúwo bá wà níwájú, imú ọkọ̀ á rì, ìdí rẹ̀ á gbé sókè. Ká tilẹ̀ sọ pé ẹ ti ki lẹbẹ bọ̀, inú òfuurufú ni lẹbẹ náà máa wà, kò ní kan omi.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kàn, òun gan-an ló sì ń dùn mí, torí pé àwòrán ara páálí ló ń tan gbogbo èèyàn jẹ. Ọkùnrin òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan àti obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló jókòó níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́ni méjì" kò túmọ̀ sí èèyàn méjì èyíkéyìí. Ìjókòó méjì ló túmọ̀ sí. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye kìlò tí wọ́n tẹ̀ sára ọkọ̀ náà. Lára tiyín, 180 ni. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlò 50, nítorí náà mẹ́ta àtààbọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, tòun ti gbogbo ẹrù. Ẹ ní ẹ wọn kìlò 98, ẹ̀gbọ́n yín 105. Ìyẹn ti di 203 kí ẹ tó gbé kúlà wọlé, kúlà náà pẹ̀lú omi dídì àti máltà inú rẹ̀ kò sì lè dín ní 15. Ẹ fi kìlò 38 kọjá ohun tó lè gbé. Bí omi ṣe wọlé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bi mí léèrè èwo ni kí àwọn rà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin méjì tó tóbi bíi tiyín, ẹ má ra èyí tí a tà fún yín, kódà bí èmi fúnra mi bá ń pọ́n ọn lé. Ẹ wá èyí tó gùn jù ú lọ, tí ìwọ̀n tó lè gbé fi púpọ̀ ju ìwọ̀n yín lọ. Ọkọ̀ tí ẹ bá kún dé góńgó kì í sáré, ìgbì díẹ̀ á sì wọ inú rẹ̀. Èyí tó wọ́n jù nínú wọn ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ le bíi pákó. Òwú lọ́pọ̀ yanturu ló so òkè ilẹ̀ náà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè gba afẹ́fẹ́ 8 sí 10 PSI (PSI la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú nǹkan ṣe le tó) láì wú. Tọkọtaya tó kàn fẹ́ gba atẹ́gùn lórí omi tó dákẹ́ kò nílò ìyẹn. Èmi àti ọkọ mi ń lo irú tiyín, kò sì tíì fún wa ní wàhálà. Àwa méjèèjì kò pé 140 ṣá.

Ó wá ku rírọ̀ àti wíwú. Ẹ ní ó jò. N kò rò pé ó jò níbẹ̀rẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán lẹ fún un ní afẹ́fẹ́, létí omi, ó sì le bí ìlù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń wú. Bí omi tútù bá kan rọ́bà náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, ọkọ̀ á rọ̀. Kò sí ihò níbì kankan. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká gbé e sórí omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká fi pọ́ǹpù kún un díẹ̀, ká tó wọlé. Bí ẹ bá sì gbé e jáde, ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí iyanrìn lọ́sàn-án oṣù kẹta lè bẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó rọ̀ yẹn, ẹ ò padà sí pọ́ǹpù tó wà nínú páálí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Alàájì! Táyà mọ́tò máa ń gba 30 PSI àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára káyáàkì yín ni 1. Ẹ̀rọ fọ́kánáísà kò mọ bí a ṣe ń rọra. Àwọn ọ̀já rọ́bà kan wà nínú ilẹ̀ ọkọ̀ yín tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ kó má baà rí roboto. Afẹ́fẹ́ yẹn ló já wọn. Ìdí nìyẹn tí àárín rẹ̀ fi wú bí ikùn aboyún, tí ẹ̀yin méjèèjì ń yọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ihò lásán ni, ẹ ò bá fi kànhìnkànhìn pa omi ọṣẹ sí i lára, ibi tó bá ń hó ni ihò wà, gọ́ọ̀mù àti abulẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá sì máa ń dí i. Ọ̀já inú kò ṣeé lẹ̀ láti ìta.

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì, n kò ní bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni pé mo ní n kò ní ta ọkọ̀ fún yín láìsí i, màá sì tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́la. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ọkọ̀ tó gbé àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìyàwó dojú dé lórí odò Ọya ní agbègbè Pátígì. Àwọn tó kú lé ní 100. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé omi wọlé, pé ẹ̀gbọ́n yín yọ̀ ṣubú sómi. Ẹ ò kọ bí wọ́n ṣe léfòó.

Ohun tí màá ṣe rèé. Ilẹ̀ ọkọ̀ yín ṣeé yọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò sì ní nǹkan kan bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ló rí. Ẹ yọ ilẹ̀ náà nìkan, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ ibòòji kí ẹ tó ká a, kó má baà hu, ẹ sì má gbé e síbi tí eku wà. Ẹ fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Ọ̀ffà, màá san owó rẹ̀ níbí. Ìdajì owó ni kí ẹ mú wá fún tuntun. Ìdajì tó kù jẹ́ tèmi, nítorí lẹbẹ yẹn àti nítorí pé kò sẹ́ni tó bi yín léèrè ìwọ̀n yín kó tó gba owó lọ́wọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó tóbi lẹ fẹ́ gbà dípò, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ wá, ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ fi síbẹ̀. N kò pè yín torí ẹ̀.

A máa ń ṣí títí di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun Alásárì, àyàfi ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí a máa ń tètè tì. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín gan-an ni. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ilẹ̀ tuntun náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ má gbé e gba iwájú fọ́kánáísà yẹn kọjá.